Àlùmọ́gàjí Lórí Fọ́tò Ìbejì

Ìtàn mi fò fẹ̀rẹ̀, ó fo òkun. Kò bà lé ìjàpá, kò bà lé ẹkùn. Adébùnmí ìyá Fọláhàn ló bà lé, nínú ilé rẹ̀ ní Camp Springs, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọkọ̀ òfurufú àwọn ológun ti ń fò kọjá lókè òrùlé bí àwòdì tí kò rí adìẹ gbé. Ẹni tó bá gbọ́ ohun tí ojú Adébùnmí rí lọ́sàn-án Sátidé yẹn, yóò káwọ́ lérí.

Nọ́ọ̀sì ni Adébùnmí. Ó ti gbẹ̀bí, ó ti pa ojú òkú dé, ó ti dúró ti ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ẹ̀rù kì í tètè bà á. Ṣùgbọ́n kò síbi tí í lọ tí kì í mú fọ́tò kékeré kan dání nínú Bíbélì rẹ̀, fọ́tò àtijọ́ aláwọ̀ dúdú àti funfun, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ọmọ méjì ló dúró lórí ẹní nínú rẹ̀. Ti ọwọ́ òsì dé fìlà, ó wọ dàńṣíkí àti ṣòkòtò péńpé. Ti ọwọ́ ọ̀tún wọ gáùn, ó sì di nǹkan kan mú tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó jẹ́. Ọmọ onígáùn ni Adébùnmí, òun ni Kẹ́hìndé. Ọmọ onífìlà ni Táyé, ìkejì rẹ̀ ọkùnrin.

Táyé kò dàgbà. Wọn ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí Táyé fi lọ sí Èkó. Èkó tí mo wí yìí, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n: a kì í la ẹnu sọ pé ìbejì kú. Adébùnmí kò rántí ohùn rẹ̀, kò rántí eré rẹ̀, kò rántí nǹkan kan. Ojú inú fọ́tò yẹn nìkan ló ní. Ojú yẹn ló ń kí kó tó wọ yàrá ìdánwò. Ojú yẹn ló wò lọ́jọ́ tó fẹ́ wọ bàálù wá sí Amẹ́ríkà. Àní nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórí oyún Fọláhàn, ó fà á yọ, ó ní, "Táyé, máa lọ níwájú, mò ń bọ̀."

Stephanie, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló mú eré kan wá. Wọ́n á kó fọ́tò jọ, wọ́n á gé e lóríṣiríṣi, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ńlá, wọ́n á fi òdòdó pépà àti ríbọ́ọ̀nù ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á wá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Màmá, ìyá Adébùnmí, ní òun ò lè pe orúkọ tí wọ́n ń pè é. "Ìwé àlẹ̀mọ́" ló ń pè é ní tiẹ̀. Màmá ti ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Ìbàdàn. Adébùnmí sì mọ̀ pé tí Màmá bá ti lọ, ìtàn inú àwọn fọ́tò àtijọ́ náà bá a lọ nìyẹn. Ló bá pe ọ̀rẹ́ méjì wálé, Stephanie àti Abibat tó ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní National Harbor. Màmá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n yóò máa sọ, Adébùnmí yóò máa kọ. Ojú ewé àkọ́kọ́, ti Táyé ni.

Nígbà tí Olúsọjí ọkọ rẹ̀ rí gọ́ọ̀mù, pépà aláràbarà àti àlùmọ́gàjí tó kún orí tábìlì, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Jẹ́lé-ó-sinmi ti wọlé," ló wí. "Tí ẹ bá jáde, ẹ pè mí."

Màmá na ẹsẹ̀ lórí àga, ó ń pa ẹ̀pà jẹ. Àfi bó ṣe rí i tí Stephanie gbé fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ sókè, tó ti àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́, tó sì gé ọkọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, gẹ̀ẹ́!

"Yé!" Ẹ̀pà há Màmá lọ́fun. "Ó ti gé ọkọ rẹ̀ dànù!"

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Abibat dáhùn. "Ọkọ yẹn ti lọ tipẹ́. Fọ́tò rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé e lọ."

"Ìwọ Abibat, ẹnu rẹ yìí ni kò jẹ́ kí ọkọ tìrẹ sanra."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Abibat túmọ̀ rẹ̀ fún Stephanie, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú ẹ̀rín yẹn ni wọ́n wà tí Adébùnmí fi ṣí Bíbélì, tó fa fọ́tò kékeré náà yọ. Ó ti pinnu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: yóò ya Táyé sọ́tọ̀, yóò gé e ní róbótó, yóò fi pépà aláwọ̀ wúrà yí i ká, kí òun nìkan dá ní ojú ewé tirẹ̀. Ó fi àlùmọ́gàjí sáàárín ọmọ méjèèjì.

"Kẹ́hìndé! Gbé e sílẹ̀!"

Igbe Màmá yẹn, ẹni tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Àwo ẹ̀pà dojú dé sórí kápẹ́ẹ̀tì. Arúgbó tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ kó tó dìde ti dé ìdí tábìlì.

"Ta ní í fi irin pín ìbejì níyà? Ṣé orí rẹ dá pé?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Mo kàn fẹ́ kó dá dúró ni."

"Kò gbọdọ̀ dá dúró! Ìwọ náà ò gbọdọ̀ dá dúró! Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn, kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀!"

Stephanie, tí kò gbọ́ èdè ṣùgbọ́n tó gbọ́ ìbínú, ló bá wọn wá ọ̀nà sí i. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan fọ́tò náà rárá, kí òun fi fóònù yà á, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tó gbé wá tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá. Ẹ̀dà ni wọ́n á gé, ojúlówó á wà bó ṣe wà. Màmá kùn díẹ̀, ó ní bébà lásán kò burú, ó padà sídìí àga rẹ̀.

Ẹ̀rọ kùn yun-un, ó pọ bébà náà jáde díẹ̀díẹ̀: fìlà kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà iwájú orí, lẹ́yìn náà ojú. Adébùnmí kò jẹ́ kó gbẹ tó fi gbé e. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò rí Táyé ní títóbi báyìí rí. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

Lókè ojú òsì Táyé, àpá kan wà níbẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Adébùnmí gbé ìka lé iwájú orí ara rẹ̀, lókè ojú òsì. Àpá tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wo ọmọ onígáùn. Àpá wà níbẹ̀.

"Abibat, wá wo nǹkan."

Abibat tẹjú mọ́ ọn. "Àpá ni. Ẹ̀yin méjèèjì ní in. Ṣebí ìbejì ni yín?"

"Wọ́n ń bí àpá mọ́ ènìyàn ni? Abibat, odó ló ṣe mí ní èyí! Ọ̀sẹ̀ tí Táyé lọ, mò ń sáré wá a kiri ẹ̀yìnkùlé, mo ṣubú lu etí odó. Láti kékeré ni Màmá ti ń sọ ọ́ fún mi. Táyé ti lọ kí n tó ní àpá yìí!"

Stephanie ń bi wọ́n léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Adébùnmí gbé bébà náà síwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá, ta lèyí?"

"Táyé."

"Ta lèyí?"

"Ìwọ."

"Àpá ta ló wà lójú Táyé?"

"Tìrẹ ni," ni Màmá wí, bí ẹni tí wọ́n bi pé ṣé iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀. "Ìwọ lo dúró síbẹ̀. Àpá ta ni ìbá tún wà níbẹ̀?"

Ọkọ̀ òfurufú kan kọjá lókè ilé, fèrèsé gbọ̀n rìrì.

"Èmi ni mo wọ ṣòkòtò yìí?"

Ìgbà yìí ni ojú Màmá náà yí padà. "Kẹ́hìndé, má sọ pé o ò mọ̀! Ìwọ tí o wà níbẹ̀? Ìyá ìbejì wo ní àdúgbò wa ni kò ṣe é? Ìbejì kì í dá ya fọ́tò. Tí ọ̀kan ò bá sí nílé, èkejì á bá a dúró. A wọ̀ ọ́ láṣọ Táyé, ayafọ́tò yà ọ́. A wọ̀ ọ́ ní gáùn, ó tún yà ọ́, ó sì pa yín pọ̀ sórí bébà kan. Fọ́tò Táyé ni. Mo pè é ní Táyé, Táyé náà ni."

"Láti ọjọ́ yìí wá," ohùn Adébùnmí ti wọlẹ̀, "èmi ni mò ń kí? Èmi ni mò ń bẹ̀ pé kó máa lọ níwájú?"

Abibat ti túmọ̀ rẹ̀ fún Stephanie wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ Stephanie, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ojú rẹ̀ dà, Màmá? Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí? Ẹ sọ fún mi."

Màmá la ẹnu. "Ó... etí rẹ̀..." Ó dákẹ́. Ó tún gbé e gba ibòmíràn. "Bó bá ń rẹ́rìn-ín..." Ó tún dákẹ́. Arúgbó tí í ki oríkì ìdílé mẹ́ta láìmí, ọ̀rọ̀ wọ́n ọn. Nígbà tó yá, ó fi ìka kan bébà náà.

"Bí mo bá dijú, èyí ni mò ń rí. Òun náà ni mo rí títí tí ojú tirẹ̀ gan-an fi parẹ́ lọ́kàn mi."

Adébùnmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹ̀pà tó fọ́n ká. Èmi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí ènìyàn pàdánù ẹni kan lẹ́ẹ̀mejì, kó jẹ́ pé ti ẹ̀ẹ̀kejì ló máa rántí.

Ṣùgbọ́n Màmá kò tíì gbé ojú kúrò lára bébà ńlá náà. Ojú rẹ̀ kò mú mọ́, títóbi rẹ̀ yìí ló jẹ́ kó rí i. Ó fà á mọ́ra.

"Fìlà yìí, tirẹ̀ ni. Ìyá mi ló fi òwú hun ún fún un. Dàńṣíkí yìí, tirẹ̀ ni. Wo ọrùn rẹ̀ níbí. Ṣé o rí bọ́tìnnì?"

Adébùnmí wò ó. "Kò sí bọ́tìnnì níbẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Òun ló fi eyín já a. Ọmọ náà a máa jẹ bọ́tìnnì bí ẹni jẹ obì! Mo nà án títí, kò gbọ́." Màmá rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Nígbà tí a fi aṣọ yẹn wọ̀ ọ́, o dákẹ́ minimini. Ìgbà tí a ní kí o bọ́ ọ wọ gáùn ni wàhálà dé. O dì í mú, o ké tó bẹ́ẹ̀ tí ayafọ́tò fi ní òun ò ṣe mọ́. Bisikíìtì ni mo fi tàn ọ́. Òun lo dì mú yìí."

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ láti ọjọ́ yìí, bisikíìtì ni.

Abibat nu imú. "Ìyá Fọláhàn, ìwọ náà kúkú rẹwà lọ́kùnrin o."

Adébùnmí fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀pà kúrò láṣọ. Stephanie rọra bi í bóyá kí àwọn kó àwọn nǹkan nílẹ̀. Ó ní rárá. Ó gbé gọ́ọ̀mù, ó fi kun ẹ̀yìn bébà ńlá náà láìgé e.

"Màmá, ta ni wọ́n kọ́kọ́ yà?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Táyé ni. Ayafọ́tò fẹ́ kọ́kọ́ ya onígáùn, mo ní rárá o, Táyé ló ń ṣíwájú. Kẹ́hìndé ló máa ń rán an lọ."

Adébùnmí tẹ́ fọ́tò náà sí ojú ewé àkọ́kọ́, Táyé àti Kẹ́hìndé, lórí ẹní kan náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ igun rẹ̀ gbogbo. Nígbà tó dé ọrùn dàńṣíkí, ó gbé ìka lé ibi tí bọ́tìnnì ìbá wà, kò sì gbé e kúrò títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ.