Oríkì Tí Mo Kọ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo máa ń ronúpìwàdà, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ìjọ wa ní Adó máa ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kìíní. A ó pé jọ láàárọ̀, olúkúlùkù yóò sì máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Ọlọ́run. Tèmi kì í yí padà: ìbínú, òfófó, pípẹ́ dé ilé ìsìn, àti ẹnu mi tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Tí mo bá kà á tán, ara mi á fúyẹ́. Kí oṣù kejì tó dé, mo ti padà sídìí gbogbo wọn.

Lọ́dún yìí, alùfáà wa dúró níwájú wa, ó ní, "Ẹ ti ka èyí tí ẹ mọ̀ pé ó burú. Èyí tí ẹ ṣe, tí ẹ ń pè ní iṣẹ́ Ọlọ́run ńkọ́?" Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Èmi kò wo ẹnikẹ́ni. Ìyá bàbá mi ni mo rántí, nínú ìloro ilé wa n'Ìkòrò, pẹ̀lú ọwọ́ wọn méjèèjì tó nà sí mi.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi kan lọ gba ààwẹ̀ ọdún tuntun lórí òkè àdúrà kan l'Ẹ́fọ̀n, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, omi nìkan. N kò ní purọ́, Ọlọ́run wà níbẹ̀. Mo sunkún lórí àpáta yẹn títí ọ̀fun mi fi gbẹ, mo sì sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó ń kọ́ wa lórí òkè ti sọ pé oríkì ilé bàbá ẹni ni ẹ̀wọ̀n tí òrìṣà fi ń fa èèyàn padà. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ìbùkún mi, mo wọkọ̀ gba Aramọkọ, mo gba Ìjerò, mo dé ilé.

Màmá, bí mo ṣe ń pe ìyá bàbá mi, kò bọ òrìṣà kankan. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní gbogbo Sátidé. Àmọ́ ilé ọdẹ ni wọ́n fẹ́ wọn sí, oríkì wa sì kún fún irin, fún igbó, àti fún Ògún. Bí ọmọ-ọmọ wọn kan bá ti ìrìn àjò dé, wọn kò ní jẹ́ kó gbé ẹrù kalẹ̀. Wọ́n á dì í mú léjìká lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kì í látorí baba ńlá tó kọ́kọ́ la igbó títí dé orí ọmọ náà gan-an, òun náà á sì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí wọ́n á fi parí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rìn lọ sí òpin àdúgbò lásán, kí n lè tún ti ibẹ̀ dé.

Lọ́jọ́ tí mo ti orí òkè bọ̀, wọn kò tíì kì mí dé ìlà kẹta tí mo fi na ọwọ́ sókè lójú gbogbo àwọn tó wá kí wọn kú ọdún.

"Ẹ dákẹ́, Màmá! Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ má pe nǹkan yẹn lé mi lórí mọ́. Mo ti di tuntun."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ wọn kúrò léjìká mi.

"Ó dáa, ọmọ mi. Káàbọ̀."

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Tèmi fọ́ lójú àlejò, mo sì rò pé mo ṣẹ́gun ni. Mo tiẹ̀ lọ jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Láti ọjọ́ náà, káàbọ̀ ni mò ń gbà. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi á dé, wọ́n á gba oríkì tó gùn bí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Èmi á dé, n ó gba káàbọ̀ àti omi tútù. Kì í ṣe pé Màmá bínú. Wọ́n ń se ọbẹ̀ fún mi, wọ́n ń di iṣu fún mi lọ s'Ádó, wọ́n jó níbi ìgbéyàwó mi. Kódà, tí wọ́n bá ń ki ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí mo bá yọ, wọ́n á gé e kúrú, kí ohun tí n kò fẹ́ má baà ta sí mi lára. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé Ọlọ́run kò bá mi jà nítorí orúkọ àwọn baba mi. Mo fẹ́ oríkì mi padà. Mo fẹ́ ẹ débi pé, tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, n ó máa ka ìlà méjì tó kù sí mi lórí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ bẹ̀bẹ̀? Èmi tí mo gun òkè Ẹ̀fọ̀n! Ojú ń tì mí, mo wá pe ìtìjú náà ní ìgbàgbọ́. Àwọn ọmọ mi á ti ilé ìwé dé, n kò ní nǹkan kan tí mo lè fi kì wọ́n. Gbogbo àgbà ilé tó mọ̀ ọ́n ti lọ. Màmá nìkan ló kù.

Nítorí náà, nígbà tí alùfáà bi wá ní ìbéèrè yẹn, n kò dúró de ọjọ́ kẹta ààwẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, tí ọyẹ́ bo gbogbo òkè mọ́lẹ̀, mo ti wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì lórí itan, mò ń tún ẹ̀bẹ̀ mi kà bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi, tó ń tọ́jú Màmá, ló pàdé mi.

"Ùwọ lo dé? Wọ́n ń yá oòrùn lẹ́yìn ulé. Àmọ́ láti ìgbà ìkórè, wọn éè mọ èèyàn dáadáa mọ́ o."

Mo ní wọn yóò mọ̀ mí.

Màmá jókòó lórí àpótí, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, ọwọ́ wọn sì yá bíi ti àtijọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gúsí. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìloro, àwọn àlejò, ẹ̀jẹ̀ Jésù tí mo fi lé wọn bí ẹni ń lé ajá. Mo sunkún. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ mi títí mo fi parí.

"Pẹ̀lẹ́, ìyá. Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo sọ orúkọ mi. Ojú wọn là.

"Ọmọ mi nìyẹn! Ùwọ mọ̀ ọ́n? Ó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé l'Ádó. Ọmọ dáadáa ni."

Wọ́n gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ wọn fún àlejò tó kúnlẹ̀ níwájú wọn, láti ọ̀dọ̀ baba tó la igbó, dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ, dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, dé orí mi. Wọn kò fo ìlà kan. Mo gbọ́ àwọn ìlà tí mo ti gbàgbé pátápátá. Orí mi wú, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu mi, kí n má baà dá wọn dúró lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n fà mí súnmọ́ra bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí.

"Bó o bá rí i l'Ádó, bá mi kí i dáadáa. Àmọ́ má pe èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè yẹn sí i létí o. Ọmọ mi éè fẹ́ ẹ."