Ọṣẹ Kọ́ Ló Ń Yún Un

Funfun-Báláú ni wọ́n ń pè é nílé ìfọṣọ, torí kò sí àbàwọ́n tó lè bá a fà á. Ẹni tó bá ń ti ọwọ́ bọ omi ọṣẹ láràárọ̀, ọwọ́ á yún un dandan. Kò sí alágbàfọ̀ tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ wá ń yún un nínú oyún oṣù kẹjọ, ta ni yóò fura? Ọ̀gá wọn, ìyá àgbà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Ọṣẹ ni jàre! Fi òróró pa á." Ó fi òróró pa á. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Pàbó!

Ká tó wí, ká tó fọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ó họ ọ́ títí ó fi bó, bẹ́ẹ̀ kò sí èélá kan lára rẹ̀. Níbi tó ti ń ká ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ló ti rò ó wò: bàtà òjò ló máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Ọṣẹ wo ló dé ibẹ̀? Àbí inú ara ló ti ń wá ni? Ó gbọ́wọ́ lé ikùn, ó ń retí kí ọmọ ta á nípàá bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ kò mira.

"Màmá, ẹ gbà mí o! Ọmọ mi ò mira mọ́!"

Ìyá àgbà ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dì í lápá mú, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. Ojú ti pọ́n rúsúrúsú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ̀dọ̀ yín ló ń ṣàìsàn, ìyá," ni dókítà wí. "Oyún ló máa ń fa irú èyí. Òróòro ti ń dà sínú ẹ̀jẹ̀ yín, òun ló ń yún yín. Ó sì léwu fún ọmọ."

"Ṣé ó ṣì wà láàyè?"

Dókítà mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ. Ó gbé e lé ikùn obìnrin náà lápá òsì, kò gbọ́ nǹkan. Ó gbé e sápá ọ̀tún. Ìgbà náà ni ọkàn ọmọ dún, kì-kì-kì, bí ẹni ń sá lọ.

"Ó wà. Ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Kíákíá la máa gbé e jáde."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan jáde, kò ké. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa omi lẹ́nu ọmọ, tí wọ́n ń nù ún lẹ́yìn. Ó fẹ́ gbàdúrà, àdúrà ò wá.

"Ké!" ló figbe ta. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ké!"

Ọmọ ké. Ìyá náà bú sẹ́kún, tiẹ̀ tún le ju tọmọ lọ. Nọ́ọ̀sì ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí òun kọ́kọ́ bẹ̀.