Àtẹ̀gùn Florence àti Àpò Mummy Praise

Ọdún kejìlélógún rèé tí Ìbídàpọ̀ Adéwùmí ti ń gbé ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, kò sì wọ bàlúù rí láìjẹ́ pé ẹnì kan kú tàbí ẹnì kan ń gbéyàwó. Nàìjíríà náà ló ń lọ nígbà gbogbo, pẹ̀lú àpótí ńlá méjì tí ẹrù tirẹ̀ nínú wọn kò ju aṣọ mẹ́rin lọ. Gbogbo ìyókù, ẹrù àwọn ará ìjọ ni. Bí a ṣe ń ṣe é láàárín wa nìyẹn. Kéèyàn ṣáà ti dárúkọ ìrìn àjò lójú àwọn èèyàn, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rá dúdú á ti tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní ìtòsí Grayson. Ibẹ̀ ni Edith wà, ìyá òyìnbó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó gbé àwòrán kan kọ́ sára ògiri iwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀: ṣọ́ọ̀ṣì àtayébáyé kan ní Florence, ní orílẹ̀-èdè Ítálì, tí òrùlé rẹ̀ pupa, tó sì rí rìbìtì. Edith sọ fún un pé àtẹ̀gùn tó dé orí òrùlé náà jẹ́ irínwó ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́ta, pé láti ìgbà èwe òun lòun ti fẹ́ gùn ún. Ọdọọdún ló ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀, títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbídàpọ̀ lára, torí orúnkún ọ̀tún tirẹ̀ náà ti ń dá a lóró, dókítà sì ti dá oṣù tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní kí orúnkún náà tó bọ́ sọ́wọ́ dókítà, yóò kọ́kọ́ gbé òun dé orí òrùlé yẹn. Ó gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà. Hephzibah ọmọ rẹ̀ bá a ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù àti ti àtẹ̀gùn náà: Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀, ẹni tó bá pẹ́ ti pàdánù tirẹ̀.

Nígbà tó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bi í pé ta ló kú níbẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò kú, òun fẹ́ lọ wo ìlú, kí òun sì jẹun ni. Wọ́n wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Àmọ́ Mummy Praise, ìyá àwọn obìnrin ìjọ, tó ń jí gbàdúrà ní aago márùn-ún lójoojúmọ́ tí kì í sì í gba rárá lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ní Ọlọ́run ló rán an. Asiyah, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, wà ní Ítálì pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, nylon kékeré kan ló sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i. Ìbídàpọ̀ gbà, kò sì béèrè ìlú tí Asiyah ń gbé. Àṣìṣe tiwa nìyẹn; tí orílẹ̀-èdè bá ti jẹ́ ọ̀kan, a ó rò pé agboolé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Nígbà tí ọjọ́ ìrìn àjò fi máa pé, nylon kékeré ti di àpò búlúù ẹlẹ́sẹ̀ rọ́bà, tí bàtà àwọn ọmọ, oògùn fítámìnì àti ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé Florence, ló pe Asiyah. Asiyah ní Milan lòun wà, wákàtí méjì nínú reluwé, pé òun ń tọ́jú bàbá arúgbó kan, Ọjọ́bọ̀ nìkan ṣoṣo lòun sì máa ń ráàyè. Kó tó pẹ́, Asiyah ti sọ fún Mummy Praise, òun náà sì pè láti Atlanta ní Georgia.

“Ṣáà wọ train lọ bá a ní Thursday,” ó ní. “O ò kúkú ní iṣẹ́ kankan tó o fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ṣebí vacation ni?”

Ó dun Ìbídàpọ̀ dé ọkàn. Ó rántí gbogbo àpótí tó ti ń fà láti ọdún méjìlélógún.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ó ní. “Mi ò lọ sí Milan. Florence ni mo wá.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti fàáké kọ́rí. Ó tún pe Asiyah pé kó máa bọ̀ ní Florence. Asiyah gbà láìjanpata. Ó ní ọdún mẹ́rìnlá òun ní Ítálì, ojú fèrèsé reluwé nìkan lòun ti ń rí ìlú náà. Ìbídàpọ̀ béèrè orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ló bá fi ránṣẹ́ sí Hephzibah.

Lọ́jọ́ kejì, ó rìn káàkiri ìlú náà tìrora-tìrora. Ó wo afárá tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí lórí, ó sì jókòó síbi tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sán, ó rí ibi tí èrò tò sí nídìí kẹ̀kẹ́ olóúnjẹ kan, òun náà tò. Nígbà tó gé e jẹ, ó bú sẹ́rìn-ín. Inú màlúù ni, wọ́n sè é rọ̀, wọ́n fi sáàárín búrẹ́dì. Ìbátan ṣàkì tí ìyá rẹ̀ máa ń sè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó yọ ata gígún nínú báàgì rẹ̀, ó bù ú sí i. Olóúnjẹ náà kọ́kọ́ fojú burúkú wò ó, lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ pé kó bu díẹ̀ fún òun. Búrẹ́dì wọn yẹn ni kò dára, kò síyọ̀, kò sí ṣúgà.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, Asiyah bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ reluwé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wé ìborí aláwọ̀ ewé, tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ìbídàpọ̀, ó na ọwọ́ sí àpò búlúù. Ó ní reluwé tó máa gbé òun padà kò ní pẹ́ dé. Ìbídàpọ̀ ò jọ̀wọ́ àpò.

“Àpò yìí ò ní kúrò lọ́wọ́ mi àfi tá a bá gun òkè yẹn, tá a sì sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ra ticket ẹ.”

Asiyah ní àwọn ọmọ ń dúró de òun. Ìbídàpọ̀ béèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ó ní bàbá wọn ni. “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Ìbídàpọ̀ wí, ló bá wọ́ àpò, ó ń lọ. Kí ni Asiyah fẹ́ ṣe? Ó tẹ̀ lé ẹrù rẹ̀.

Wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé àpò gòkè, nítorí náà wọ́n fi í sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹrù. Ọkùnrin tó gbà á gbóòórùn ẹja, ó sì gbé e sí igun tó jìnnà jù lọ.

Àtẹ̀gùn náà há, ó sì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín ògiri. Ìbídàpọ̀ ń kà á sókè. Ní igba, orúnkún rẹ̀ ti wú. Asiyah bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ó tó báyẹn. Ó dáhùn pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn, ó di ògiri mú, ó ń gbé ẹsẹ̀ òsì ṣíwájú, ó ń fa ọ̀tún tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn ń kùn. Ó jẹ́ kí wọ́n máa kùn. Ní ọ̀ọ́dúnrún, ó sunkún díẹ̀, ìrora ni, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ kíkà. Asiyah náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kà á. Báyìí ni wọ́n ṣe ka irínwó ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn lójú.

Gbogbo ìlú tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, òrùlé pupa títí dé ẹsẹ̀ òkè. Asiyah di irin mú, ó ń wo ìlú náà láti òkè. Inú Ìbídàpọ̀ dùn débi pé ó gbàgbé orúnkún.

Fóònù dún. Mummy Praise ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà aago márùn-ún tiwọn lọ́hùn-ún tán.

“Ṣó o ti fún un lẹ́rù ẹ̀?”

“Asiyah ló dúró tì mí yìí, Mummy. Òkè la wà, àpò wà nísàlẹ̀.”

“Ìgbà wo lẹ máa wá sọ̀ kalẹ̀?”

Ìbídàpọ̀ wo Asiyah, tó ń fi etí ìborí nu ojú.

“Mi ò tíì mọ̀, Mummy. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.”