Ìbọn Bàbá Clara Tí Wọ́n Kọ Àádọ́ta Dọ́là Lé

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù ìbọn Bámgbóyè ní Lawrenceville, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, obìnrin tí ẹ máa bá lẹ́yìn káńtà, tó ń lẹ téèpù mọ́ páálí, tí téèpù náà tún ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, Rẹ̀mílẹ́kún nìyẹn, ìyá Túnmiṣe. Kò yìnbọn rí láyé ẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá gbá gbàà báyìí, àyà rẹ̀ a já. Ṣùgbọ́n ká di ẹrù, ká fi fóòmù há a níhìn-ín, ká fi aṣọ há a lọ́hùn-ún, kí nǹkan má mì, kí nǹkan má ró, ẹ má bá a dán an wò. Kó tó dé ọ̀dọ̀ Bámgbóyè ló ti ń di dúróòmù ránṣẹ́ sílé. Àwo tánganran gbéra láti Grayson, ó dé Iléṣà, ọ̀kan ṣoṣo ò sán. Níbi tó ti ń bá ìyàwó pásítọ̀ wọn di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni Bámgbóyè ti rí i, tó ní, "Màmá Túnmiṣe, ẹ wá máa bá mi di ìbọn."

Bó ṣe dẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ìbọn nìyẹn, ọmọ ìjọ tí kì í pa eku.

Iṣẹ́ náà ò ní wàhálà púpọ̀. Òfin ibẹ̀ ò gbà kí èèyàn ṣàdédé gbé ìbọn ránṣẹ́ sí ará ẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Oníṣòwò tó ní láísẹ́ńsì ló máa fi ránṣẹ́ sí oníṣòwò ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ní láísẹ́ńsì, ibẹ̀ ni ẹni tó ni ín á ti lọ gbà á. Àwọn kọ́ríà ló ń gbé e lọ. Rẹ̀mílẹ́kún á di í, á tẹ iye tí ìbọn náà tó sínú kọ̀ǹpútà, nítorí inṣọ́ránsì. Bó bá sọnù lọ́nà tàbí tó bá fọ́, iye tó tẹ̀ yẹn náà ni wọ́n máa wò san owó. Ìbọn tuntun inú ṣọ́ọ̀bù ní iye lára, ohun tó bá wà lára ẹ̀ náà ló ń tẹ̀. Kò ronú sí i rí.

Àfi ìgbà tí Clara dé.

Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni Clara, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Riverdale ló ń gbé. Ó gbé ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu méjì kan wá, ó fi aṣọ ìbora wé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bàbá rẹ̀ ló ni ín. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́ àgbọ̀nrín sí ara igi ìdí ìbọn náà, àgbọ̀nrín tó ń sáré. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, ilé Clara ni ìbọn wà, láti ìgbà náà sì ni Seth, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Alabama, ò ti bá a sọ̀rọ̀. Seth ní òun ni bàbá àwọn máa ń mú lọ sóko ọdẹ, òun ló ni ín. Clara ní òun lòun tọ́jú bàbá títí ó fi kú, òun ló ni ín. Ọ̀rọ̀ di kèéta.

"Mísì Rẹ̀mí," Clara ní, "ẹ bá mi dì í dáadáa. Kí Seth máa gbé e lọ. Ó ti sú mi. Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní. Bó bá ti rí i, màá mọ̀ bóyá yóò pè mí tàbí kò ní pè mí."

"Yóò pè yín, lágbára Ọlọ́run. Èló ni ká kọ lé e?"

"Ta ló lè díye lé irú ẹ̀? Ẹ kọ ohun tó bá tọ́."

Ó wo àgbọ̀nrín yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jáde. Bámgbóyè ń dá oníbàárà lóhùn lọ́wọ́, Rẹ̀mílẹ́kún ò pè é.

Ẹ ò rí i, ọwọ́ ló jẹ̀bi. Ọwọ́ tó ti ń kọ ẹrù dúróòmù láti ọjọ́ pípẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé, ẹ mọ̀ ọ́n. Ta ní ń kọ òótọ́? Bàtà tuntun, a ó kọ "àlòkù". Tẹlifíṣọ̀n tí a kò tíì yọ ọ̀rá ara ẹ̀, "àlòkù". Kọ ọ́ kékeré, kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má baà gbowó gọbọi lọ́wọ́ ẹ. Bó ṣe wo ìbọn yìí, tó rí i pé ògbólógbòó ni, ọwọ́ ẹ̀ tẹ "àlòkù", ó tẹ àádọ́ta dọ́là. Inú ẹ̀ tún ń dùn pé òun bá Clara dín owó kọ́ríà kù.

Ó wá dì í o! Páálí inú páálí. Bó ti wù kó rí, ohun tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wúwo ní ilé ẹrù kọ́ríà fi irin gún páálí náà láàárín, ó ṣẹ́ igi ìdí ìbọn sí méjì, ọrùn àgbọ̀nrín gan-an ló ti ṣẹ́. Oníṣòwò Alabama ló ṣí i, Seth dúró tì í, àádọ́ta dọ́là sì wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí.

Bámgbóyè gba fóònù láti ibẹ̀, ó yí padà wo Rẹ̀mílẹ́kún.

"Màmá Túnmiṣe. Àádọ́ta dọ́là?"

"Ọ̀gá, àlòkù ni."

"Àlòkù! Ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là ò ra ìbọn yẹn!"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé bí a bá kọ ọ́ pọ̀, owó kọ́ríà á lọ sókè."

"Mo wá ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé kọ́sítọ́ọ̀mù Àpápá ń dúró dè é lójú ọ̀nà Alabama?"

Rẹ̀mílẹ́kún fa fóònù sọ́dọ̀. Ó pe àwọn inṣọ́ránsì. Ẹ̀rọ kan ní kó tẹ òókan, ó tẹ òókan. Ó ní kó tẹ eéjì, ó tẹ eéjì. Wọ́n wá tan orin kan sílẹ̀ fún un tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ó jẹun ọ̀sán tán, orin ò tán. Ó lọ sílé ìtura, ó gbé fóònù dání lọ. Nígbà tí ọmọbìnrin kan wá dáhùn, ohùn ẹ̀ dùn bí oyin, ìyẹn gan-an ló bí Rẹ̀mílẹ́kún nínú jù.

"Mà, àádọ́ta lẹ sọ fún wa."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe òótọ́ ni mo sọ."

"Mà, ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́ ìyẹn."

"Kẹ́ ẹ gbọ́ o! Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nìyẹn!"

"A lè san àádọ́ta yẹn. Bí a bá sì ti san án, tiwa ni ìbọn náà. Oníṣòwò ọ̀hún á dá a padà sọ́dọ̀ wa."

Rẹ̀mílẹ́kún yọ fóònù létí, ó wò ó, ó dá a padà. "Ẹ fọ́ nǹkan onínǹkan, ẹ tún fẹ́ kó o lọ?"

Kò tíì fi fóònù sílẹ̀ tán tí Clara já wọlé. Ojú ẹ̀ pọ́n.

"Ó pè mí," ó ní. "Seth pè mí. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní mo ti fọ́ ọ sílé kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní àádọ́ta dọ́là ni mo ka bàbá wa sí. Ó pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Ta ló kọ àádọ́ta, Mísì Rẹ̀mí?"

Rẹ̀mílẹ́kún ń wá ibi tí ilẹ̀ máa là sí kó wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ò là.

"Èmi ni. Ẹ bá mi tẹ nọ́ńbà ẹ̀ sórí fóònù tèmi. Tó bá rí nọ́ńbà yín, kò ní gbé e."

Seth gbé e. Rẹ̀mílẹ́kún fi ohùn fóònù sí gbangba, ó ṣàlàyé, ó ṣàlàyé dúróòmù, ó ṣàlàyé kọ́sítọ́ọ̀mù, òógùn ń bọ́ lára ẹ̀.

"Mà," Seth ní, "láti Georgia sí Alabama, kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù kankan."

"Mo ti mọ̀ báyìí."

"Clara ló rán yín."

"Mi ò rán an!" Clara pariwo láti ẹ̀yìn. "Ohun tó bá tọ́ ni mo ní kó kọ!"

"Kí ló dé tí o ò dúró kó kọ ọ́ lójú ẹ?"

"Kí ló dé tí o ò wá gbé e fúnra ẹ láti gbogbo ọdún yìí wá?"

"O ṣílẹ̀kùn fún mi ni?"

Rẹ̀mílẹ́kún ní, "Ẹ jọ̀ọ́, inṣọ́ránsì ní àwọn á san àádọ́ta, àwọn á sì gbé ìbọn náà lọ."

Clara sáré sún mọ́ fóònù.

"Gbé kí ni lọ?" Àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ pọ̀.

"Kí wọ́n fi àádọ́ta wọn jẹ ẹ̀pà," Seth ní. "Clara, má gba kọ́bọ̀. Mo mọ káfíńtà kan níbí."

"Kó má lo ìṣó o. Bàbá kórìíra ìṣó."

"Mo mọ̀ pé bàbá kórìíra ìṣó! Ṣé èmi kọ́ ni mo jókòó tì í nígbà tó ń gbẹ́ ẹ ni?"

"Ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín yẹn gùn jù."

"Ó gùn jù lóòótọ́. Ó dà bí ewúrẹ́ tó wọ bàtà. Irú èèyàn wo lo tiẹ̀ gbé nǹkan bàbá lé lọ́wọ́?"

"Ojú ẹ̀ jọ tẹni tó gbọ́n ni."

"Àádọ́ta dọ́là!"

"Àádọ́ta o, Seth. Wò mí, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú."

Clara ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó ti gbé e lọ sídìí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó jókòó. Rẹ̀mílẹ́kún dúró níbẹ̀, ọwọ́ òfìfo. Wọ́n bú u títí tí wọ́n fi gbàgbé ẹ̀, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ajá kan tí bàbá wọn ní nígbà kan rí. Kò sẹ́ni tó ní "Mísì Rẹ̀mí, ẹ ṣé." Kò sẹ́ni tó ní "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Bámgbóyè yọjú láti inú yàrá ẹ̀yìn. "Ta ló ń fi fóònù yín sọ̀rọ̀?"

"Àwọn méjèèjì."

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Ọ̀gá, ẹ má bi mí. Èmi ò sí nínú ẹ̀ mọ́." Ó pòṣé, ó fa páálí mìíràn jáde. Ìbọn àlòkù kan ló wà lórí káńtà, tí oníbàárà gbé wá láàárọ̀. Ó fọ́ fóòmù sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń fa irun ẹni kan tu. Ó wá gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà, ó sì yára gbé e kúrò.

"Ọ̀gá! Ẹ wá fẹnu ara yín sọ iye tí mo máa kọ lé èyí o. Ẹ wá sọ ọ́ kí n gbọ́!"