Sítáǹpù Pupa Ara Lẹ́tà Màámi

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Baba Onísítáǹpù, kò sì bínú sí i. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sẹ́yìn káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́, tó ń ya sítáǹpù, tó ń lu lẹ́tà lóǹtẹ̀ gbà, gbà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, páálí sítáǹpù àtijọ́ ló kó wálé. Ìyàwó rẹ̀, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé bébà ni orogún òun.

Ẹ ò bá rí i nígbà tó bá mú sítáǹpù kan dání! Iwájú fèrèsé ni yóò gbé e lọ láàárọ̀, nítorí ó ní iná alẹ́ ń yí àwọ̀ padà. Yóò dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò wò ó bóyá ojú rẹ̀ ń dán. Èyí tó bá ń dán, wọ́n fi ẹfun kun bébà rẹ̀ ni. Èyí tí kò dán, bébà lásán ni. "Ìbejì ni wọ́n," ni yóò wí, "ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ọdún kan náà."

Ó sì máa ń rántí ayé ọjọ́un. Bí wọ́n bá ṣí páálí tuntun ní ọ́fíìsì, òórùn gọ́ọ̀mù á gba gbogbo ilé, àwọn akọ̀wé á máa du ẹni tí yóò kọ́kọ́ ya á. Ta ló tún ń kọ lẹ́tà báyìí? Ó ń dùn ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ilé ìyá wọn, mú àpòòwé kan wọlé. Ìsàlẹ̀ àpótí ìyá wọn ló ti rí i, lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Orúkọ Baba wà lára rẹ̀ pẹ̀lú sítáǹpù pupa kan, ṣùgbọ́n wọn ò fi ránṣẹ́ rí. Ìlà kan péré ló wà nínú lẹ́tà náà: "Ọmọ mi, inú mi ti rọ̀. Máa bọ̀ nílé." Kò sí déètì.

Ẹ gbọ́ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Nígbà tí bàbá wọn kú, ìyá fẹ́ kí Baba, tó jẹ́ àkọ́bí, di ṣọ́ọ̀bù káfíńtà bàbá wọn mú; Baba ní iṣẹ́ ọba lòun ń lọ. Ìyá ní kó má tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Ọmọ lágídí, ìyá náà lágídí: ọdún mẹ́rin ni wọn ò fi gbúròó ara wọn, títí ìyá fi kú. Àmọ́ wọ́n ti jà rí ṣáájú ìyẹn, ìjà kékeré lórí ẹ̀wù kan, nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà. Ìjà wo ni lẹ́tà yìí ń sọ?

Sítáǹpù nìkan ló lè jẹ́rìí. Èyí pupa rúsúrúsú tó ń dán ni wọ́n ń tà nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́. Èyí pupa fòò tí kò dán, ọdún kejì tó kúrò nílé ló dé. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí páálí rẹ̀.

Ó gbé e síwájú fèrèsé. Ó tẹjú mọ́ àwọ̀ rẹ̀.

"Rúsúrúsú ni. Ìjà ẹ̀wù ni. Màámi ò dárí jì mí."

"Bọ̀dá mi, ẹ rọra. Pupa fòò lèmi rí."

"Kí lo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí?"

"Mi ò mọ nǹkan kan. Àmọ́ ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní búláòsì mi funfun yìí ti pọ́n nígbà tí mo wọlé? Ojú yín ti ń ṣe bàìbàì."

Baba gbé àpòòwé náà kalẹ̀. Òun tó ń kọ́ gbogbo ènìyàn pé àwọ̀ ń tanni, pé bébà ni kí wọ́n bi léèrè! Ẹ̀rù ló jẹ́ kó gbàgbé. Ojú tó ti ń ṣe bàìbàì kò sì lè mọ̀ bóyá ó ń dán. Ọ̀nà kan ló kù, èyí tó ti torí ẹ̀ bú ènìyàn rí, nítorí ó ń ba sítáǹpù jẹ́: bí a bá fi fàdákà ha bébà ẹlẹ́fun, yóò fa ìlà dúdú bíi ti pẹ́ńsù. Bébà lásán kì í mú ìlà.

"Bọ́ òrùka fàdákà ọwọ́ rẹ fún mi."

Ó gba òrùka náà. Ó ha etí sítáǹpù náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún ha á.

"Bá mi wò ó. Kí lo rí?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó mọ́ tónítóní."

"Wò ó dáadáa!"

"Mo ní kò sí, Bọ̀dá mi!"

Bébà lásán ni: lẹ́yìn tó kúrò nílé ni ìyá ra sítáǹpù náà. Inú rẹ̀ ti rọ̀ lóòótọ́. Baba bú sẹ́kún bí ọmọdé, ayọ̀ àti ìbànújẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn.

"Ẹ má sunkún mọ́. Ó ti pẹ́."

"Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́," ni Baba wí. Ó dìde, ó ń wá fìlà rẹ̀.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Ilé. Màámi ní kí n máa bọ̀."