Òróró Tí Màmá Fi Pa Dígí Mi Lára

Òórùn ọ̀dà tuntun ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi nímú bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Festac, ọ̀dà tuntun àti ẹrọ̀fọ̀ Amúwo tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló jẹ ìbò ilé kan níbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn àlejò ayẹyẹ àṣà tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ àdúgbò náà ti kó lọ, òun ló sì ní kí èmi àti Màmá wá bá òun gbé. Ìwọ náà ṣáà mọ bí ibẹ̀ ṣe rí nígbà yẹn: ilé tò lọ bẹẹrẹ, igi kò tíì sí, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké ní ọ̀sán gangan. Òórùn kejì ni ti òróró ólífì, torí pé ara Màmá kì í ṣaláìrùn ún. Tí wọ́n bá ti gbàdúrà sí òróró yẹn tán, kò sí ohun tí wọn kì í fi pa: ìlẹ̀kùn, ìrọ̀rí, táyà mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi, àní ẹ̀rọ omi tó kọ̀ tí kò yọ omi.

Èmi ń ṣe ìwádìí nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní yunifásítì nígbà náà, èmi obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ọkùnrin. Ohun tí mò ń lé ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè gba inú fọ́nrán dígí kọjá, kí ó bá a yí kọ́nà, kí ó sì yọ ní òdìkejì. Dókítà kan nílé ìwòsàn ló nílò rẹ̀: àwọn ọmọdé tó gbé egungun ẹja mì ń wá bá a, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò sì mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ọ̀fun wọn. Èmi àti ọ̀gá mi ń yọ́ ọ̀pá dígí lórí iná gáàsì, à ń fà á títí yóò fi tín-ín-rín bí irun. Púpọ̀ ló ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Oṣù mẹ́jọ la fi rí ogójì tó pé. Mo so wọ́n pọ̀, mo nu ẹnu wọn méjèèjì títí ó fi ń dán, mo tẹ́ wọn sórí òwú nínú páálí gígùn kan. Yàrá iṣẹ́ wa ò ní àgádágodo gidi, ni mo bá gbé páálí náà wálé. Ọjọ́bọ̀ ni dókítà máa wò ó. Ọ̀gá mi ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé àwọn àgbà ẹ̀ka wa ò fẹ́ iṣẹ́ yìí mọ́. Bí Ọjọ́bọ̀ bá lọ lásán, wọ́n á gba àyè mi, wọ́n á fi fún ẹlòmíì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ra mi kí òkùnkùn lè ṣú, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu kan. Òdìkejì dúdú. Dígí tó jẹ́ pé lọ́jọ́ Àìkú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ka nọ́ńbà ojú aago ọwọ́ mi! Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo tún nu ẹnu dígí títí ó fi ń dán. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, kò jáde. Mo jókòó sáàárín aṣọ ẹ̀gbọ́n mi, òógùn bò mí, mo sì ń rò ó pé bóyá irọ́ ni gbogbo rẹ̀ látilẹ̀wá. N ò jẹun, n ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú tí nǹkan kan ò yí padà, mo bú sẹ́kún nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, Màmá sì wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ yẹn á yege. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti fi òróró pa á láti orí dé ìdí."

"Ẹ fi òróró pa kí ni?"

"Dígí ẹ. Mo rọra fi ra á lára bí ọmọ tuntun. Ẹyọ kan ò ṣẹ́."

Yéè! Mo gbé! Ìhòòhò ni dígí tiwa wà, atẹ́gùn tó yí i ká ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dúró sínú rẹ̀. Ibi tí òróró bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà jò dànù, bí omi láti inú páìpù tó lu. Dígí ń dán tẹ́lẹ̀, n ò rí òróró lára rẹ̀. Ilé wa ń rùn ún tẹ́lẹ̀, n ò gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Màmá, ẹ ti pa mí! Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan nǹkan mi? Ẹ̀yin àti òróró yín, ẹ ti ba ayé mi jẹ́!"

Màmá wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n nù ún mọ́ ìró, wọ́n sì dìde.

Mo fi spírítì fọ àwọn fọ́nrán náà, ṣùgbọ́n ìbínú ò jẹ́ kí n rọra ṣe é, wọ́n sì ń ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án ló kù. Lọ́jọ́ kejì, ìmọ́lẹ̀ tó yọ níwájú dókítà ò ju ti tanátaná lọ. Ó ní, "Èyí ò lè bá mi rí egungun ẹja." Ọ̀gá mi dorí kodò. Nígbà tí kò sí ohun tí mo tún lè pàdánù mọ́, mo kúkú sọ òótọ́ pé ìyá mi ló fi òróró àdúrà pa á. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé, "Ṣé dígí yìí ń mọ ohun tó bá kàn án lára ni? Omi ṣúgà ńkọ́?" Ó lọ po ṣúgà sómi, a rì í sínú rẹ̀. Bí ṣúgà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù sí i. Ọ̀gá mi mú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá àwọn àgbà ẹ̀ka. Wọ́n fi àyè mi sílẹ̀ fún mi. Bí a ó ṣe máa fi dígí mọ ohun tó wà nínú omi ara aláìsàn ni mo fi gboyè, òun náà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Àmọ́ láti Ọjọ́rú yẹn, Màmá ò fi òróró pa nǹkan mi mọ́. Bí a bá fẹ́ rìnrìn àjò, wọ́n á fi pa báàgì ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ tèmi, wọ́n á ká ọwọ́ kò. Ojú ń tì mí láti dárúkọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ń sọ pé ọ̀la ni mo máa ṣàlàyé, ọ̀la ni. Lọ́jọ́ tí mo gboyè, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní, "Ọlọ́run ló ṣe é tí n ò bà á jẹ́ tán." Onífọ́tò ń pè wá, mo tún fi àlàyé náà dọ̀la. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí wọ́n fi kú.

Ẹyin lohùn. Dígí tó ṣẹ́, mo lè fa òmíràn. Òróró wọn ló la ọ̀nà fún mi, wọ́n sì gbé e wọ sàréè pé àwọn ló ba iṣẹ́ ọmọ àwọn jẹ́.