Àáró Ọjọ́ Mẹ́ta Nítorí Gbòǹgbò Ẹlẹ́gùn-ún

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe tíṣà káàkiri Ìjerò, Aramọkọ àti Ẹ̀fọ̀n. Nígbà tí mo fi máa padà sílé ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé tí bàbá mi fún mi lójú ẹlẹ́rìí. Ewúrẹ́ pàápàá kì í wọ ibẹ̀. Èyí tó bá ṣèèṣì wọ ibẹ̀, igbe rẹ̀ nìkan la ó máa gbọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin, tí ó ti di alàgbà nínú ìjọ, ti fojú sí ilẹ̀ náà tipẹ́. Ó fẹ́ máa mọ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Ó pe ìpàdé ẹbí, ó fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ mi parí. Ó ní ilẹ̀ tí èèyàn kò bá lò kò yẹ kó dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn àgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán rẹ̀ tán rí ọgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní bí mo bá lè gbin iṣu síbẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tèmi ni títí láé. Bí n kò bá lè ṣe é, kí n yọ̀ǹda rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní ìsọdipúpọ̀. Títí di òní kò mọ iye tí méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ iye búlọ́ọ̀kù tí ilẹ̀ mi yóò gbà.

Mo kọ́kọ́ dáná sun ìtàkùn náà. Eérú rẹ̀ di ajílẹ̀ fún un. Mo wá alágbàṣe méjì. Wọ́n gé e mọ́lẹ̀ bí ẹni gẹrun fún ọmọ tó fẹ́ wọlé ìwé, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí èéhù pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, òjò sì ti ń ṣú lẹ́yìn òkè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń fi àdá ṣá a, obìnrin kan tó ń bọ̀ láti ìsìn òwúrọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Kò dìgbà tí mo bá gbójú sókè kí n tó mọ̀ ọ́n. A jọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, a sì jọ ṣiṣẹ́ nílé ìwé kan náà. Lọ́dún kan, alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wo ọgbà ẹ̀fọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ọgbà tirẹ̀ ti gbẹ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó lọ fa tẹ̀tẹ̀ lóko ìyá rẹ̀, ó rì í mọ́lẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ó sì bu omi wọ́n ọn. Alábẹ̀wò yìn ín títí. Lọ́dún kejì, ó di ọ̀gá ilé ìwé, èmi di igbákejì rẹ̀, ipò yẹn ni mo sì wà títí mo fi fẹ̀yìntì. Ẹgbẹ́ ni wá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, "ẹ" ni à ń pe ara wa. Ọ̀wọ̀ tí a fi ń jìnnà síni ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ṣé ẹ ń gé e ni, àbí ẹ ń bẹ̀ ẹ́?"

Mo ní mò ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò gbọ́. Ó wá fi ohùn tó fi ń bá àwọn òbí ọmọ sọ̀rọ̀ ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ni mò ń gé, ìyá wọn wà nísàlẹ̀, ó tóbi tó iṣu, àfi kí a hú u. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó bà mí lẹ́rù.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní àáró. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ yín, ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi."

Ẹni tó bá mọ àáró mọ̀ pé a kì í fi "ẹ ṣeun" san án. Ọjọ́ la fi ń san ọjọ́, òógùn la fi ń san òógùn, ẹni tó bá sì yẹ̀ ẹ́, ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́ ọ níwájú. Etí títì sì ni oko rẹ̀ wà, níbi tí gbogbo ọlọ́kadà tó ń kọjá yóò ti rí mi lábẹ́ rẹ̀. Mo ro ti títì yẹn. Mo ro ti búlọ́ọ̀kù. Mo ní kó máa bọ̀ lọ́la.

Ó gbé ọkọ́ kékeré àti àpótí ìjókòó dé. Lọ́jọ́ kìíní, iṣẹ́ nìkan la dojú kọ. A jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, à ń walẹ̀ títí a fi kan ìyá gbòǹgbò kan. A dì í mú, èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún, a fà á. Ó já lójijì, àwa méjèèjì sì ṣubú sẹ́yìn, ẹsẹ̀ wa wà lókè. Ìgbà yẹn gan-an ni àbúrò mi yọ lẹ́yìn ilé. Ó fi ìrẹ̀lẹ̀ alàgbà béèrè bóyá kí òun lọ pe nọ́ọ̀sì. Mo ti gbàgbé pé obìnrin yìí náà ti kọ́ ọ rí. Ó dá a lóhùn láti ilẹ̀ níbi tó wà:

"Alàgbà, méje lọ́nà mẹ́jọ?"

Ó ronú díẹ̀, ó rántí pé òun ní ìpàdé.

Gbogbo gbòǹgbò tí a hú la sá sórí àpáta kí oòrùn pa á, nítorí èyí tó bá gùn tó ìka tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ yóò tún hù.

Lọ́jọ́ kejì, n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo mọ ibi tí yóò ti purọ́, mo sì mọ ẹ̀rí tí n ó fi gbé e ṣubú.

"Tẹ̀tẹ̀ tí ẹ rì mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ alábẹ̀wò," mo ní, "kò hù níbẹ̀."

Kò dá ọkọ́ dúró. "Kò hù níbẹ̀. Ṣé alábẹ̀wò fà á wò ni?"

Bó ṣe tán nìyẹn. Gbogbo ẹ̀rí mi ṣòfò. N kò mọ ohun tí èèyàn ń fi ẹjọ́ tí ẹlẹ́jọ́ ti gbà pé òun jẹ̀bi ṣe. Mo tún gbé ọkọ́ mi, mo ń walẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, a hú èyí tó kẹ́yìn. Mo kọ ebè díẹ̀díẹ̀, mo gbin ẹ̀bù, òjò sì bá a nínú ilẹ̀. Àwọn àgbà wá wò ó, wọ́n ní tèmi ni. Àbúrò mi ló gba àdúrà ìparí. Àdúrà náà kúrú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ san àáró létí títì. Mo ń kọ ebè, òun náà ń kọ ebè, ṣùgbọ́n òun ló ń dá gbogbo ẹni tó kí wa lóhùn. "Igbákejì mi nìyẹn," ló ń wí fún wọn. Bàbá kan tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà béèrè bóyá a ṣì jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

"Mo ṣì ń rán an níṣẹ́," ó ní.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó rìn yí ká oko, ó ní ẹsẹ ebè mi kẹta wọ́. Mo nàró, mo wò ó. Ó wọ́ lóòótọ́. Mo tú u ká, mo tún un kọ. Ó ku ọjọ́ méjì.